Ọmọ Ẹṣin Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Já Lẹ́nu Ọmú, àti Bí A Ṣe Lè Tún Ìwà Rẹ̀ Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ti ẹṣin tí ó ti dàgbà, tí a ti ń dì ní gàárì, tí ó sì ti mọ ìjánu. Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹṣin ni, èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín oṣù 4 àti oṣù 8. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wí nínú ọkàn rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, kí ó ní sùúrù díẹ̀. Ẹṣin tí ó gé ọmọdé jẹ ní ọjà, tí ó ta olùtọ́jú rẹ̀ ní ìpá títí egungun fi ṣẹ́, tí a tà fún ẹnì kan, tí ẹni náà tún tà á fún ẹlòmíràn títí kò fi sí ẹni tí ó fẹ́ ẹ mọ́, a kò bí i bẹ́ẹ̀. Bí a bá tọ ipa ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, nígbà púpọ̀ ni a ó bá ìbẹ̀rẹ̀ ibi náà nínú oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí a mú un kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Kò sí ẹni tí yóò sọ fún wa pé ẹṣin kò níyì ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ẹlẹ́ṣin ni ó mú kí agbára Ọ̀yọ́ Ilé tàn káàkiri ilẹ̀ ọ̀dàn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde títí di òní, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ìdílé Balógun a máa gun ẹṣin wá fún Ojúde Ọba, tí ìlù ń dún, tí ìbọn sì ń ró. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Púpọ̀ nínú ẹṣin àwọn bàbá wa, Òkè Ọya ni wọ́n ti rà á, nítorí pé eṣinṣin tsetse tí ń gbé àìsàn káàkiri kò jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé ní ilẹ̀ igbó, kò sì rọrùn láti máa sin ín níbẹ̀. Nítorí náà ẹṣin tí ẹlòmíràn ti tọ́ dàgbà ni ó ń bọ́ sí wa lọ́wọ́. A mọ bí a ti ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. A mọ bí a ti ń ki í, tí a sì ń fi í yan níwájú ọba. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n bí a ti ń gba ọmú lẹ́nu ọmọ rẹ̀, tí inú rẹ̀ kò sì ní bàjẹ́ sí ènìyàn, kò pọ̀ lọ́wọ́ wa. Nísinsìnyí tí àwọn kan láàárín wa ń sin abo ẹṣin fúnra wọn, tí àwọn mìíràn sì ń ra ọmọ ẹṣin nítorí pé owó rẹ̀ kéré sí ti àgbà, ó di dandan kí a kọ́ ọ.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí àwọn olówó ẹṣin gbọ́ kí a tó lọ síwájú. Ẹni tí ọmọ ẹṣin ń gé jẹ kì í ṣe ẹni tí ó rà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gbá ilé ẹṣin, tí ń gbé omi fún un ní àfẹ̀mọ́júmọ́, òun ni ìpá ń bà. Ọ̀gá yóò ná owó ńlá sórí aṣọ ẹṣin àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, yóò sì fi ẹranko tí ẹ̀rù ń bà lé ọmọ tí a kò kọ́ ní nǹkan kan lọ́wọ́; bí ọmọ náà bá sì lù ú, a ó ní ọmọ náà ló burú. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí jíjá lẹ́nu ọmú jẹ́. Níbi tí ẹṣin gbé ń gbé pọ̀ láìsí ọwọ́ ènìyàn nínú ọ̀rọ̀ wọn, ìyá ni ó ń já ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí oṣù 9 sí 11, tí oyún mìíràn sì ti tóbi nínú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ṣe é. Yóò kọ̀ fún un lónìí, yóò sì gbà fún un lọ́la, títí ọmọ yóò fi mọ̀ pé ọmú ti tán. Síbẹ̀ ọmọ kò kúrò lọ́dọ̀ ìyá. Inú agbo kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń sùn. Àwa ènìyàn ni a ń já a ní oṣù 4 tàbí 5 tàbí 6, a sì ń ṣe é ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo: a mú ìyá lọ sí ibòmíràn, a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ. Ní òru ọjọ́ náà kì í ṣe wàrà nìkan ni ó pàdánù. Ó pàdánù ẹni tí ń sọ fún un ohun tí ó yẹ láti bẹ̀rù àti ohun tí kò yẹ, àti agbo tí ó mọ̀ láti ọjọ́ tí a ti bí i.

Nígbà náà ni ẹjọ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wọn a ní ó ń yán tọ̀sán-tòru, ó ń sáré lọ sáré bọ̀ lẹ́bàá ọgbà, ó kọ oúnjẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọn a ní ó ti ń gé ènìyàn jẹ, ó ń yí ìdí sí ẹni tí ó bá wọlé, ó ń dìde dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bí a bá fi okùn fà á, kò jẹ́ kí a gbé pátákò rẹ̀, ó ń jẹ igi ibùjẹ. Gbogbo rẹ̀ ni a ń pè ní orúkọ kan, agídí, a sì ń wá oògùn kan náà fún gbogbo rẹ̀, èyí tí í ṣe pàṣán. Àṣìṣe tí ó tóbi jù lọ nìyẹn. Nítorí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí jẹ́ ẹkún, ọ̀kan jẹ́ ìrora, ọ̀kan jẹ́ eré ọmọdé, òmíràn sì jẹ́ ẹ̀kọ́ tí àwa fúnra wa kọ́ ọ láìmọ̀. Ẹni tí ó bá lu ẹkún kò mú un dákẹ́, ẹni tí ó bá sì lu eré sọ ọ́ di ìjà.

A ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹkún. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Waters, Nicol àti French, tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi ọdún 4 ṣe lórí ọmọ ẹṣin 225. Wọ́n ń ṣọ́ ìgbà tí àwọn àṣà burúkú ń bẹ̀rẹ̀: jíjẹ igi, fífi eyín iwájú di igi mú kí ẹṣin sì máa fa afẹ́fẹ́ sí ọ̀fun pẹ̀lú ariwo, mímì síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú kan, àti rírìn yíká inú ilé láìdúró. Wọ́n rí i pé nínú ọmọ ẹṣin 100, bí 30 ni ó ń jẹ igi, bí 10 ni ó sì ń fi eyín di igi mú tí ó ń fa afẹ́fẹ́, èyí sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20 lẹ́yìn ìbí, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ń kúrò lẹ́nu ọmú gan-an. Àwọn tí a tì mọ́lé láti já wọn lẹ́nu ọmú kó àṣà burúkú ju àwọn tí a já ní pápá lọ. Àwọn tí a sì ń fún ní oúnjẹ ọkà lẹ́yìn tí a já wọn, fífa afẹ́fẹ́ yìí fi ìlọ́po 4 pọ̀ láàárín wọn ju láàárín àwọn tí a kò fún lọ.

Ẹ kíyè sí èyí dáradára, nítorí ó lòdì sí ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe. A rò pé inúure ni láti ti ọmọ ẹṣin mọ́ ilé tí ó dára, kí a sì da ọkà bàbà kún ibùjẹ rẹ̀ kí ó lè gbàgbé ìyá rẹ̀. Ilé yẹn ni túbú rẹ̀. Ọkà púpọ̀ a máa mú kí omi kíkan pọ̀ nínú ikùn rẹ̀ kí ó sì máa ta á, nítorí a dá ikùn ẹṣin láti máa rí koríko díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo wákàtí ọ̀sán àti ti òru. A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọkà kan ọmọ ẹṣin lẹ́nu, pàápàá ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko gbẹ. Ohun tí a ń wí ni pé kí koríko ṣíwájú kí ó sì pọ̀, eéran tútù tàbí ewé ẹ̀pà gbígbẹ, kí ọkà sì kéré, kí a pín in sí ìgbà púpọ̀ lóòjọ́, kí ó sì ti mọ oúnjẹ náà kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá.

Báwo ni a ó ti wá já a? Bí abo ẹṣin tí ó ní ọmọ bá ju ọ̀kan lọ, kí a kó gbogbo wọn àti ọmọ wọn sínú ọgbà kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a sì máa mú ìyá kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lónìí ọ̀kan, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan òmíràn. Àwọn ọmọ ni yóò kù níbi tí ojú wọn mọ̀, pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí wọ́n mọ̀. Bí ọmọ bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, kí a wá àgbà ẹṣin tí ara rẹ̀ balẹ̀, abo tí kò ní ọmọ tàbí akọ tí a ti tẹ̀ lọ́dàá, kí wọ́n mọ ara wọn kí ọjọ́ náà tó dé. Ní ọdún 2012, Henry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú ìwádìí wọn pé àwọn ọmọ ẹṣin tí a fi àgbà sí láàárín nígbà tí a já wọn kò ní ìdààmú tó àwọn tí ó wà pẹ̀lú ọmọdé ẹgbẹ́ wọn nìkan, ìwà ipá wọn sí ara wọn sì kéré. Àwọn àgbà wa ti wí pé ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Kì í ṣe sísáré nìkan ni ó ń wò. Ó ń wo bí ti iwájú ti ń dúró jẹ́ẹ́ pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, iṣẹ́ olùtọ́jú kò ju kí ó rí i pé ọgbà lágbára, pé kò sí wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí yóò ya á lára, pé omi wà, pé òun fúnra rẹ̀ ń wá ó sì ń lọ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Kí ó jẹ́ kí ó yán. Kí a má ṣe yan ọjọ́ wọ̀nyí láti kọ́ ọ ní ohun titun, láti gé pátákò rẹ̀, láti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá tàbí láti fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ìlú mìíràn. A mọ̀ pé àwọn oníṣòwò ń ṣe èyí tí ó kẹ́yìn yìí: wọn a já a ní òwúrọ̀, wọn a sì tà á ní ọ̀sán. Ẹni tí ó bá ra irú rẹ̀, kí ó mọ̀ pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni òun mú wọlé, kí ó sì fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní olórí kunkun.

Ní ti ìrora, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a máa fi í ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́ nígbà gbogbo. Eyín iwájú ti ẹ̀gbẹ́ a máa hù nínú ẹnu ọmọ ẹṣin láàárín oṣù 6 sí 9, nítorí náà ó lè máa gé gbogbo ohun tí ó bá rí jẹ. Aràn a máa pọ̀ nínú ọmọ ẹṣin ju nínú àgbà lọ. Inú rírun a máa mú un tàpá sí ikùn ara rẹ̀, kí ó máa wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó dùbúlẹ̀ kí ó sì dìde. Ọmọ tí ó jẹ́ onírẹ̀lẹ̀ ní àná, tí ó di oníjà lónìí, oníṣègùn ẹran ni kí a pè, kì í ṣe ẹni tí yóò nà án.

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí, èyí tí í ṣe ti gígé ènìyàn jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo ọmọ ẹṣin méjì lórí pápá mọ̀ pé bí wọ́n ti ń ṣeré nìyẹn. Wọn a gé ara wọn ní ọrùn, wọn a gé ara wọn ní orúnkún, wọn a dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn láti gbá ara wọn mọ́ra. Awọ wọn nípọn, gọ̀gọ̀ wọn bò ó, bí ẹnì kan bá sì gé ẹnì kejì jù, ẹni náà yóò ta á ní ìpá kan, eré yóò sì parí. Báyìí ni ó ti ń mọ ìwọ̀n. Ọmọ tí a dá gbé kò ní ẹni tí yóò bá ṣe eré yìí àfi ẹ̀yin tí ẹ gbé omi wá fún un, awọ yín kò sì nípọn. Nítorí náà oògùn àkọ́kọ́ fún gígéni jẹ ni ẹgbẹ́.

Oògùn kejì ni kí a dẹ́kun fífi ọwọ́ bọ́ ọ. Olúkúlùkù àlejò tí ó bá wá wò ó ni ó ń fẹ́ fún un ní ìrèké tàbí ìdì ẹ̀pà láti àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ó ti mọ̀ pé nínú ọwọ́ ènìyàn ni adùn wà. Ní ọjọ́ kọkànlá ọwọ́ kan dé tí kò ní nǹkan kan nínú, ó sì wá a pẹ̀lú eyín. Ta ni ó kọ́ ọ? Gbogbo oúnjẹ, àti èyí tí a fi ń yìn ín, inú ọpọ́n tàbí ibùjẹ ni kí ó máa wà. Bákan náà ni àṣà fífi ọwọ́ ta á ní imú, títì í lórí, kí ó sì tì wá padà, tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn púpọ̀. A ti rí àwọn tí ń kọ́ ọmọ ẹṣin kí ó gbé ẹsẹ̀ iwájú lé wọn ní èjìká, tí ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ẹṣin oṣù 6 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwọ̀n tí yóò wọ̀n nígbà tí ó bá dàgbà. Ní ọdún méjì sí i, tí ó bá fi ẹsẹ̀ kan náà lé èjìká kan náà, a kò ní bá wọn rẹ́rìn-ín.

Bí ó bá na ẹnu wá láti gé wa, kí a má ṣe gbá a lójú. Ọ̀nà méjì ni gbígbá náà ń gbà bà á jẹ́: bí ó bá jẹ́ onígboyà, yóò gbà á sí eré, yóò sì kọ́ láti yára ju ọwọ́ wa lọ, bí ó bá jẹ́ ojo, yóò máa gbé orí sá fún ọwọ́ gbogbo, títí a kò fi ní lè fi okùn sí i lórí mọ́. Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ èjìká rẹ̀, ẹ má ṣe dúró níwájú ẹnu rẹ̀. Bí ó bá ti ń yí orí bọ̀, kí ó bá ìgbọ̀nwọ́ yín níbẹ̀, tí kò mì, tí kò sì lù ú. Lẹ́yìn náà ẹ mú kí ó sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì, ẹ sì dúró jẹ́ẹ́. Láàárín ẹṣin, ẹni tí ó mú ẹnì kejì ṣí kúrò níbi tí ó dúró ni àgbà. Kò sí ohun mìíràn tí ẹ ní láti fi hàn án.

Níhìn-ín ni a fẹ́ sọ ohun tí ó jẹ́ gbòǹgbò gbogbo ẹ̀kọ́ ẹṣin, tí a bá sì gbàgbé gbogbo ìyókù, kí a má gbàgbé èyí: ìgbà tí a bá dẹ okùn ni ẹṣin ń kẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe ìgbà tí a bá fà á. Ohun tí ẹṣin ń ṣe ní ìṣẹ́jú tí ìnira fi í sílẹ̀, òun ni yóò tún ṣe lọ́la. Ẹ jẹ́ kí a fi okùn orí ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí kò ní irin lẹ́nu. Ọmọdékùnrin kan fi okùn náà fa ọmọ ẹṣin tààrà síwájú. Ọmọ ẹṣin fà sẹ́yìn, ó dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ̀rù ba ọmọdékùnrin náà, ó jọ̀wọ́ okùn. Ẹ̀kọ́ wo ni ó kọ́ ọ? Pé bí a bá dìde sókè, a ó bọ́. Ewu rẹ̀ sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọmọ ẹṣin tí a fà báyìí lè ṣubú sẹ́yìn kí ó fi ìpàkọ́ gbá ilẹ̀, àwọn mìíràn kì í dìde mọ́. Nítorí náà kí a má ṣe fà á tààrà. Kí a dúró ní ẹ̀gbẹ́, kí a fa okùn díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, títí yóò fi gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sọ́dọ̀ wa. Lójú kan náà kí a dẹ ẹ́. Kí a sinmi. Kí a tún ṣe é sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí kò bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí ẹnì kejì fi okùn rírọ̀ yí i ní itan lẹ́yìn, kí ó máa fi í gbà á síwájú jẹ́jẹ́, bí ìyá ti ń fi imú ti ọmọ rẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 lóòjọ́ ti tó. Kí a sì má ṣe so ó mọ́ òpó kí ó tó mọ̀ dájú pé bí okùn bá le, síwájú ni òun ó bọ́, kì í ṣe sẹ́yìn. Ọrùn ọmọ ẹṣin kò tíì gbó, ó sì lè fi ìjà pẹ̀lú òpó bà á jẹ́ títí ayé rẹ̀.

Bákan náà ni ti pátákò. Kí a gbé ẹsẹ̀ náà sókè kí a tó kà dé mẹ́ta, kí a sì gbé e kalẹ̀ fúnra wa kí ó tó fà á gbà. Ní ọjọ́ kejì kí a kà dé márùn-ún. Ẹni tí ó bá dì í mú títí ó fi jà gbà á ti kọ́ ọ pé ìjà ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ tí ń tàpá nígbà tí a bá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, kí a fi aṣọ rírọ̀ di orí ọ̀pá gígùn, kí a dúró níbi tí ìpá kò lè dé, kí a máa fi í nu itan rẹ̀. Bí ó bá tàpá, kí aṣọ náà má kúrò. Bí ó bá dúró jẹ́ẹ́, àní bí ojú ti ń ṣẹ́, kí aṣọ kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má sì gba ẹ̀yìn bọ́ sí i lára láìfọhùn, nítorí bí ojú ẹṣin tilẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ orí tí ó sì ń rí ìhà púpọ̀, kò rí ohun tí ó wà ní ẹ̀yìn ìrù rẹ̀ gan-an.

Àwọn kan ń rò pé ọmọ ẹṣin kò mọ ohun tí ó wà nínú wa bí a kò bá sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ti ẹṣin kan ní Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n ń pè ní Hans. Wọ́n ní ó mọ ìṣirò: a bi í ní ìbéèrè, ó sì ń fi pátákò lu ilẹ̀ títí iye rẹ̀ fi pé. Ní ọdún 1907 ni Oskar Pfungst tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde, ó sì fi hàn pé ìṣirò kò sí níbẹ̀. Ara ẹni tí ó bi í léèrè ni ẹṣin náà ń wò. Bí iye náà bá ti pé, ẹni náà a mi orí díẹ̀ láìmọ̀ fúnra rẹ̀, Hans a sì dúró. Bí ẹṣin bá lè rí èyí tí ènìyàn tí ó ṣe é kò mọ̀ pé òun ṣe, ẹ̀rù tàbí ìbínú wo ni a rò pé a ó fi pamọ́ fún un?

Nítorí náà ni a fi ń wí pé kí ẹni tí inú ń bí má ṣe wọ ọgbà. Xenophon, ọmọ ogun ará Gíríìkì tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ẹṣin pé kí a má ṣe fi ìbínú bá ẹṣin lò. Ó gbani níyànjú pẹ̀lú pé kí a ṣètò rẹ̀ kí ebi, òǹgbẹ àti eṣinṣin máa bá ọmọ ẹṣin nígbà tí ó bá dá wà, kí oúnjẹ, omi àti ìtura sì máa ti ọ̀dọ̀ ènìyàn wá, kí ó lè máa wá wa fúnra rẹ̀. Àwa náà ní òwe pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Fún ọmọ ènìyàn, òwe yìí pé. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹṣin kò mọ̀ pé ọwọ́ tí ó fà á mọ́ra ní ìrọ̀lẹ́ ni ó ń ṣàlàyé pàṣán òwúrọ̀. Ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà ni ó lè so pọ̀. Bí ó bá gé wa jẹ, tí a lọ wá ẹgba nínú ilé kí a tó padà wá nà án, ohun tí a nà án fún ni pé ó dúró dè wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá ọmọ nílé ní àǹfààní tí ẹni tí ó rà á ní ọjà kò ní. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé bí ènìyàn bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu ara ìyá jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 lóòjọ́, ní ọjọ́ 5 àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí, tí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ọmọ rárá, ọmọ náà yóò máa wá sọ́dọ̀ ènìyàn, yóò sì jẹ́ kí a fọwọ́ kan òun lẹ́yìn ìgbà náà ju ọmọ tí a kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lọ. Ó rí i pé ọkàn ìyá òun balẹ̀ lọ́dọ̀ wa. A fẹ́ràn ìwádìí yìí púpọ̀, nítorí pé kò gba owó.

Ní ti ariwo, èyí tí ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń fojú sọ́nà fún ọjọ́ ọdún, kí a má ṣe gbé ìlù lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin láti fi mú un le. Kí ìlù dún láti òkèèrè nígbà tí ó ń jẹun pẹ̀lú àgbà ẹṣin tí ó ti mọ̀ ọ́n, kí ó sì máa súnmọ́ díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bí ó bá gbé orí sókè tí kò sì padà sí oúnjẹ, ìlù ti súnmọ́ jù. Ti ìbọn di ọjọ́ mìíràn, nígbà tí ó bá ti pé ọdún mélòó kan.

Bí ọmọ náà bá jẹ́ akọ, kí a yà á kúrò láàárín àwọn abo nígbà tí ó bá ń súnmọ́ ọdún kan, nítorí pé láti ìgbà náà lọ ìwà rẹ̀ yóò tún yí padà, gígé àti dídìde sókè yóò sì ní ìtumọ̀ mìíràn. Ẹni tí kò bá ní í lọ́kàn láti fi í bímọ, kí ó bá oníṣègùn ẹran sọ̀rọ̀ nípa títẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ tí ó kù kò ju kí a máa mú un rìn pẹ̀lú okùn, kí a máa gbé pátákò rẹ̀ fún ẹni tí ń gé e ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí a sì jẹ́ kí ó máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré ní pápá. Kí ẹnikẹ́ni, àní ọmọ kékeré pàápàá, má ṣe jókòó lé e lẹ́yìn kí ó tó pé ọdún 3, nítorí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì gbó, bí ó ti wù kí ó ga tó lójú wa.